Òfin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ Sílẹ̀

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹni tó ń tẹ fóònù fi í sápò. Ẹ ti gbọ́ ti Ìjàpá lẹ́nu mi títí ó fi sú yín. Tòní kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é ṣì wà láyé.

Púpọ̀ nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, ènìyàn ló kọ ọ́ fún un ní ìlà-ìlà. Òun là ń pè ní ètò. Ó yẹ kí ẹni tó kọ ètò kọ òfin rẹ̀ mọ́ ọn: pé iye báyìí kò gbọdọ̀ dín ní òdo, pé fáìlì tí a kò tíì ṣí, a kì í kà á. Ó yẹ o! Wọn kì í sábà kọ ọ́. Onítọ̀hún á ríṣẹ́ síbòmíràn, òfin á bá a lọ nínú orí rẹ̀, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ á wá máa méfò kiri.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 2000 wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Michael Ernst. Òun àti Jake Cockrell, William Griswold àti David Notkin bi ara wọn pé: bí ẹni tó kọ ètò bá gbàgbé òfin, ṣé ìwà ètò fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́wọ́ rẹ̀? Wọ́n wá ṣe ètò mìíràn tí wọ́n sọ ní Daikon. Kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ṣọ́ ètò ẹlòmíràn lọ.

Bó ṣe ń ṣe é rèé, kò sí oògùn níbẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí ètò tí wọ́n ń ṣọ́ ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá ti ń wọnú iṣẹ́ kan, tó sì ń jáde, wọ́n á máa kọ gbogbo iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Daikon á wá kó àbá jọ rẹpẹtẹ. Bóyá eléyìí kì í jẹ́ òdo láé. Bóyá tibí kì í ju tọ̀hún lọ. Bóyá wọ́n máa ń tò láti kékeré dé ńlá. Á gbé àbá kọ̀ọ̀kan síwájú àkọsílẹ̀. Èyí tí ìlà àkọsílẹ̀ ẹyọ kan péré bá ta kò, ó dànù nìyẹn, kò gbọdọ̀ padà wá. Èyí tó bá yè é, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òfin.

Wọ́n dán an wò lórí àwọn ètò kéékèèké inú ìwé David Gries, The Science of Programming, tó jáde ní 1981. Gries ti fi ìṣirò kọ òfin wọn síbẹ̀, nítorí náà àwọn adánniwò mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Ètò kan nínú wọn ń ro àwọn nọ́ńbà tó tò sórí ìlà kan pọ̀. Ó ní s tó ń kó àpapọ̀ sí, ó ní i tó fi ń ka ibi tó dé. Wọ́n fún un ní 100 ìlà, nọ́ńbà tó bá ṣáà ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n kó sí i. Daikon kò rí ìwé Gries. Nọ́ńbà tó ń kọjá nìkan ló rí. Síbẹ̀ ó ní: bí iṣẹ́ bá parí, s ni àpapọ̀ gbogbo ìlà. Ó tún ní: láàárín iṣẹ́, ibi yòówù kí i dé, s ni àpapọ̀ àwọn tí a ti kà kọjá. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ń họrí kó tó rí i!

“Bàbá, ṣé kì í ṣìnà ni?”

O ṣeun, Kẹ́hìndé. Ó tún kọ ọ́ pé ìlà kì í kúrú ju nọ́ńbà 7 lọ, kì í sì í gùn ju 13 lọ. Gries kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn adánniwò ló gé ìlà wọn láti 7 dé 13, Daikon sì sọ àṣà wọn di òfin. Ó ṣe bí àlejò tó wọ̀lú lẹ́ẹ̀rùn, tó délé lọ wí pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn apá yìí ju èyí tó gbà lọ, torí níbẹ̀ ni adánniwò ti ń rí ibi tí ìdánwò òun kò dé.

Ní 2002, Glenn Ammons, Rastislav Bodík àti James Larus ṣe tiwọn lórí ìtẹ̀léra, ìyẹn ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú àti ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi rí àṣìṣe nínú àwọn ètò tó ń lo X11, ìyẹn ètò tó ń ya wíńdò sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀, torí iwájú ni èyí tó mú irun orí mi dìde wà.

Ní 2009, àwọn kan, tí Ernst fúnra rẹ̀ wà lára wọn, gbé ohun tí wọ́n pè ní ClearView jáde. Wọ́n jẹ́ kí Firefox, ètò tí a fi ń wo Íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ṣí ojú ewé bó ṣe máa ń ṣe, Daikon ń kọ́ ìwà rẹ̀. Kì í ṣe kóòdù tí ènìyàn kọ ni wọ́n gbé fún un o, èyí tí ẹ̀rọ nìkan ń kà ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó mọ bí a ṣe ń fọ́lé kọ̀ǹpútà kọlù ú. Ọ̀nà 10 ni wọ́n gbà. ClearView dá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúró. Á yẹ àwọn òfin tó ti kọ́ wò, á wá èyí tí kì í yẹ̀ nígbà àlàáfíà, àmọ́ tó ń yẹ̀ bí ọ̀tá bá ti dé, á sì fi túláàsì mú ètò pa á mọ́. Fún 7 nínú ọ̀nà 10 náà, ó rí àtúnṣe ṣe fúnra rẹ̀, Firefox sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Àwọn ọ̀tá wá yí ọgbọ́n padà: wọ́n fẹ́ tan ClearView kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe tí yóò ba Firefox jẹ́. Ẹ má gbàgbé pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni wọ́n. Àmọ́ ClearView kì í ṣe àtúnṣe kó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ń ṣọ́ àtúnṣe tirẹ̀ náà. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, ó jù ú nù. Èyí tó bá ń ṣe jàǹbá, ó jù ú nù. Àwọn ọ̀tá kò rí i tàn.