Kí Ló Dé Tí Pápá Ogun Orí Tábìlì Fi Ń Jọ Afárá Oyin?

Ẹ jókòó ti àwọn tó ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ṣeré ogun lórí tábìlì, ẹ ó rí i pé tẹ́ẹ̀pù ló sábà ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan á ní ìbọn òun débẹ̀, ìkejì á fárígá pé kò débẹ̀, nítorí àlàfo tí kò tó èékánná. Ọmọ ogun kan á sì kú tàbí kó yè lórí ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kẹ́ ẹ pín ilẹ̀ sí ojú-ojú, kẹ́ ẹ máa kà á bí a ṣe ń ka ilé nídìí ayò. Àmọ́ irú ojú wo? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ àti igun gbogbo wọn dọ́gba, kí wọ́n sì tò pọ̀ láìsí àlàfo, irú mẹ́ta péré ló wà: onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́fà. Onígun mẹ́rin ní màgòmágó nínú. Bí ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá jìnnà tó 1, èyí tó kàn yín ní igun jìnnà tó 1.41. Ẹni tó bá ń gba igun rìn ń jẹ èrè ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ní ti onígun mẹ́fà, aládùúgbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jìnnà bákan náà. Òun náà ò pé pérépéré o: bẹ́ ẹ bá yà díẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ méjì lè gbé yín dé 1.73 dípò 2. Síbẹ̀, ó sàn ju ti onígun mẹ́rin lọ dáadáa.

Avalon Hill ti tẹ irú ojú yìí sórí máàpù Gettysburg wọn ní 1961. Àmọ́ bébà ni bébà ń jẹ́, òkè ibẹ̀ ò lè ṣí kúrò. Táìlì ló tú wa sílẹ̀. Hexon ti Kallistra jẹ́ ike tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Heroscape, tó jáde ní 2004, tiẹ̀ ṣeé tò léra: bẹ́ ẹ bá ń gun òkè, ìpele kọ̀ọ̀kan á jẹ nínú ìrìn yín. Òkè lónìí, odò lọ́la, tábìlì oúnjẹ lálẹ́.

Fún àwa tá a ń kọ kóòdù, adùn ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà méjì ti tó fún ojú kọ̀ọ̀kan. Láti (0,0) dé (2,1), ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2 àti 1, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 3. Ẹ yọ àmì òdì kúrò bó bá wà, èyí tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni iye ìṣísẹ̀.

Ilé ló ń dà á rú. Ògiri títọ́ ò bá etí onígun mẹ́fà mu, á gé ojú sí méjì. Èmi ò kì í bá a jà: ojú tí ilé bá ti wà lórí ẹ̀, ilé ni gbogbo ẹ̀.