Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ: ajílẹ̀ ló ń bá atẹ́gùn lọ

Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, tí ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti dìbò pé kí àgbẹ̀ lè máa lo náítírójìn tí wọ́n yọ láti inú ìgbẹ́ ẹran bí wọ́n ṣe ń lo ajílẹ̀ inú àpò, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Òfin wọn ti 1991 kò fẹ́ kí náítírójìn inú ìgbẹ́ ju kìló 170 lọ lórí héktà kan lọ́dún. Ìbò yìí fẹ́ fi 80 kún un, bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ lórí ìgbẹ́ náà tó. Ìgbẹ́ ló pọ̀ jù fún àwọn ará Nẹ́dálándì. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, láti Aké títí dé Ọ̀dẹ̀dá, owó àpò ajílẹ̀ ló pọ̀ jù fún tiwa.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí ni ọ̀rọ̀ "ṣíṣiṣẹ́ lórí ìgbẹ́" yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí òórùn ni, kí imú lè sinmi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé èyí tó ń rùn jù ló lágbára jù. Irọ́ ni.

Ẹ dé ilé adìyẹ èyíkéyìí lọ́nà Alábàtà, kí ẹ wo ìgbẹ́ tútù dáadáa. Ẹ ó rí nǹkan funfun bí ẹfun tó dé e lórí. Ìtọ̀ adìyẹ nìyẹn. (Ẹni tó bá ti ń ṣe kàyéfì nípa ibi tí omi tí adìyẹ ń mu ń gbà, ìdáhùn rèé.) Inú funfun yẹn ni náítírójìn pọ̀ sí jù. Bí omi bá ti kàn án, àwọn kòkòrò àìfojúrí á bò ó, wọ́n á sọ ọ́ di yúríà, yúríà á di amóníà. Amóníà ló ń ta imú, tó ń mú omi bọ́ lójú. Ajílẹ̀ tó ti ń sá lọ ni imú yín ń gbọ́ yẹn. Èyí tí kò bá rí ọ̀nà sá lọ ló ń jó gbòǹgbò. Mo ti da ìgbẹ́ tútù sídìí ewédú lẹ́yìnkùlé mi rí. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́rin, etí ewé ti gbẹ bí ẹni fi iná rá a.

Amóníà yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Dangote ní Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2022, ń fi gáàsì ṣe kó tó sọ ọ́ di yúríà. Ọgbọ́n Fritz Haber àti Carl Bosch ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Oppau ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1913. Adìyẹ ń fún wa ní tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá yọ owó oúnjẹ rẹ̀ kúrò, èyí tí ọlọ́sìn kankan ò ní gbà ká yọ.

Báwo la ṣe ń dá amóníà dúró? Ilé Ẹ̀gbá la wà, ẹ jẹ́ ká fi láfún ṣàpèjúwe. Náítírójìn ni ọbẹ̀, kábọ̀n ni láfún. Àwọn kòkòrò inú òkìtì ìgbẹ́ tó ń jẹrà ń fẹ́ kábọ̀n bí 25 sí 30 fún náítírójìn kan. Ti ìgbẹ́ adìyẹ kì í sábà ju 10 lọ. Ọbẹ̀ kún ìkòkò, láfún ò tó, ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù á dà nù. Ìdí nìyí tí a fi ń po lẹ́búlẹ́bú pákó, èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí koríko gbígbẹ mọ́ ọn. Àwọn kòkòrò náà á wá fi náítírójìn náà ṣara, bí wọ́n bá sì ti ń kú, yóò máa bọ́ sọ́wọ́ irúgbìn díẹ̀díẹ̀.

Òkìtì tí nǹkan inú rẹ̀ bára mu á gbóná tó ìwọ̀n 55 sí 65 Sẹ́líṣíọ́sì. Ẹ ti irin bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá fà á yọ, kò ní ṣeé dì mú pẹ́. Ooru yìí ló ń pa èso èpò àti kòkòrò bíi Salmonella. Torí pé ẹ̀gbẹ́ òkìtì kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ṣọ́bìrì yí i. Bó bá jẹrà tán, ó máa ń dúdú, ó sì máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Àwọn ìyá wa tó ń já tẹ̀tẹ̀ lórí ààtàn ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́.

Ẹrù ni wàhálà ìgbẹ́. Àpò yúríà kìló 50 ní náítírójìn kìló 23. Bí ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ bá ní ìdá 3 nínú 100, ó di nǹkan bíi kìló 770 kó tó bá a dọ́gba: àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àbọ̀. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ dé Ìmẹ̀kọ? Ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ Pacesetter gba ọ̀nà àárín: pàǹtírí ọjà àti ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ṣe ajílẹ̀, wọ́n sì fi yúríà díẹ̀ ran oríṣi kan lọ́wọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yóò já sí. Oko tó sún mọ́ ilé adìyẹ débi tí bárò lè ká a, ìgbẹ́ ló yẹ ẹ́. Èyí tó jìnnà, àdàlù ni. N kò sì ní fọwọ́ sí i kí a máa da ìgbẹ́ sójú kan náà lọ́dọọdún, torí kọ́pà àti síńkì inú oúnjẹ adìyẹ kì í bá ooru lọ. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń kó ara jọ sí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà nínú àwọn àpò tí wọ́n ń tò sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bó bá ṣì ń gbóná, tó sì ń ta yín nímú, ẹ gbé e sílẹ̀, kò tíì tó lò.