"Ko le": Ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìwọ̀n ohun tí ọmọdé lè ṣe

Ẹ ka gbólóhùn yìí láìsí àmì ohùn: "Ko le rara." Ṣé nǹkan náà kò nira ni, àbí ọmọ náà kò lè ṣe é?

Washington Group àti UNICEF ló gbé ìwé ìbéèrè kan jáde ní 2016 nípa àwọn ọmọ ọdún 2 sí 17. Wọn kì í bi òbí pé, "Ṣé abirùn lọmọ yín?" (ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò ti pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kí ẹ tó sọ ọ́ tán). Ohun ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ní àìlera tàbí èyí tí kò ní: ṣé ó máa ń nira fún un láti rin 100 mítà, bí ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan? Láti jẹun tàbí wọṣọ fúnra rẹ̀? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò nira, ó nira díẹ̀, ó nira gan-an, kò lè ṣe é rárá. Ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ bá bọ́ sí méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tó ní ìṣòro.

Nígbà tí mo ń gbìyànjú láti tú u sí Yorùbá, "kò le rárá" ni mo kọ fún ti àkọ́kọ́, mo sì gé ti ìkẹyìn kúrú sí "kò lè rárá". Bí atẹ̀wé kò bá fi àmì sí i (ẹ kúkú mọ̀ wọ́n), ọmọ tó ń sáré kiri àti èyí tí kò lè dìde di ọ̀kan náà. Mo yọ "le" kúrò, mo fi "nira" sí i. Ìyẹn rọrùn.

"Díẹ̀" ni kò rọrùn. Mo ka ìbéèrè aṣọ wíwọ̀ fún aládùúgbò wa kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 7.

"Ó ń gbìyànjú," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó nira díẹ̀ ni, àbí ó nira gan-an?"

"Díẹ̀ náà ni, àbúrò. A dúpẹ́."

Bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ni mò ń rí i tó ń bá ọmọ náà wọ ṣòkòtò. "Díẹ̀" tirẹ̀, ọpẹ́ ni, kì í ṣe ìwọ̀n, ó sì ti yọ ọmọ náà kúrò nínú iye.

Mo wá bi í lọ́nà mìíràn: "Bí ẹ ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ló máa jókòó títí n ó fi dé."

Ìdáhùn kẹrin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó fà á jáde kò sí nínú ìwé náà, olùbéèrè kò sì gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un.