Iṣẹ́ Míṣọ́nnárì ní Ilẹ̀ Àjèjì: Anna Hinderer ní Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn mú ọ̀nà Ifẹ̀ pọ̀n yóò ré odò Ọ̀ṣun kọjá kí ó tó wọ Ìkirè. Àpòmù sì wà nítòsí rẹ̀. Dòdò ni ọ̀pọ̀ èrò fi ń mọ Ìkirè, ṣùgbọ́n ìtàn bí iṣẹ́ míṣọ́nnárì ṣe dé Ìbàdàn kò ṣeé sọ tán kí a má dárúkọ àgbègbè yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, jíjí ènìyàn gbé tà ní ọjà náà wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Òwu tú, àwọn ọmọ-ogun tí ó ṣẹ́gun kò sì tú ká, Ìbàdàn ni wọ́n wá fi ṣe ibùdó. Irú ogun bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá di ẹrú. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun ni a kó lọ sí Sàró, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti di Onígbàgbọ́. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ẹ̀sìn àti ìwé bá wọn wá.

Lẹ́yìn wọn ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá, wọ Ìbàdàn ní 1851. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé Anna Martin níyàwó ní oṣù kẹwàá 1852. Hempnall ní Norfolk ni a ti bí obìnrin yìí ní 1827. Ó sì di aláìní-ìyá nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ní oṣù kẹrin 1853, tọkọtaya náà wọ Ìbàdàn.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìwàásù nìkan. Ilé amọ̀ kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí Kúdẹtì. Anna ń kọ́ èdè Yorùbá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àti abẹ́rẹ́, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń gba àlejò tí ó wá wo òyìnbó obìnrin. Ibà kò fi òun àti ọkọ rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Ìlú ogun ni Ìbàdàn. Kí òbí fi ọmọ lé àlejò lọ́wọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Síbẹ̀ Olúńlọ́yọ̀ọ́, ìjòyè ológun, fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, ránṣẹ́ sí i. Anna kò bí ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n "Ìyá" ni àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ń pè é.

Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dojú kọ Ìbàdàn, ọ̀nà etíkun sì dí. Kí ọ̀nà dí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò lásán. Orí alágbàrù ni ẹrù, lẹ́tà àti owó ẹyọ fi ń ti Èkó àti Abẹ́òkúta wá; bí alágbàrù kò bá rí ọ̀nà, ilé míṣọ́n kò lówó, aṣọ ń gbó, oògùn ń tán. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Àwọn Hinderer ń ta ohun ìní wọn ní ọjà kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ẹ̀wà, epo àti ata sì di oúnjẹ wọn. Ẹni tí ó wá láti fún ni wá di ẹni tí ń wojú àwọn aládùúgbò. Ní oṣù kẹrin 1865, Glover, olórí ìjọba Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell gba ọ̀nà igbó wá mú Anna jáde. Obìnrin náà lọ, ọkọ rẹ̀ dúró ti iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Wọ́n tún padà, ṣùgbọ́n agbára ti tán. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1870, Anna kú ní Norfolk, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ṣé iṣẹ́ náà bá a lọ? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá wọn ti Abẹ́òkúta wá, ni ó gba ìtọ́jú ìjọ Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà: Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa. Samuel Johnson fúnra rẹ̀, tí a bí ní Sàró ní 1846, ti ṣe olùkọ́ ní Kúdẹtì kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. David Hinderer sì ti túmọ̀ ìwé Bunyan sí èdè Yorùbá, tí àwọn tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń rí ohun kà.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni èyí: òǹwòran pọ̀ ní ọdún kìíní, ṣùgbọ́n ọdún ebi ni ó fi hàn bóyá àlejò wá gbé àbí ó wá yà. Bí àlejò ti wù kí ó gbìyànjú tó, onílé ni yóò tọ́jú ilé lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjà Àpòmù tí a ti ń ta ọmọ ènìyàn, títí dé Kúdẹtì tí a ti ń kọ́ wọn ní ìwé, ìrìn náà kò ju àádọ́ta ọdún lọ. Ọmọ Yorùbá ni ó sì rin èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.