Òkúta Kan Ló Bí Gbogbo Wọn

Ìyá Dáyọ̀, tí ògiri kan péré pààlà ilé wa ní Ìlógbò-Èkìtì, pè mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ wọn ń bọ̀ láti London nínú oṣù Kejìlá, ó ń kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta bọ̀, ó sì ti sọ lórí fóònù pé àwọn ọmọ náà fẹ́ wo àwọn òkè. "Òkè wo?" ni Ìyá Dáyọ̀ bi mí. "Ṣé èyí tá à ń gbé lórí rẹ̀ yìí kò tó òkè ni?"

Ẹ̀rín pa mí, torí òdodo ni wọ́n sọ. Òkìtì làwọn àgbà ní wọ́n ti fa orúkọ Èkìtì yọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ wọn. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni, láti Aramọkọ dé Èfọ̀n-Aláayè, níbi tí òkè ti ń gun òkè lẹ́yìn, tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun láti inú ilẹ̀. Mo fa àpótí kan, mo jókòó, mo ṣàlàyé. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí i.

Ara òkúta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ òkúta yẹn ti mọ ọ̀nà. Iyanrìn ni tẹ́lẹ̀, láyé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé ayé. Ilẹ̀ bò ó, ìwúwo tẹ̀ ẹ́, ooru inú ilẹ̀ sè é, ó wá le ju àwọn òkúta tó yí i ká lọ. Quartzite ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é, Èfọ̀n yìí náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ nínú ìwé wọn: Effon Psammite. Òjò wá ń rọ̀ sórí gbogbo rẹ̀ láti ìran dé ìran. Ó wẹ àwọn èyí tó rọ̀ lọ, èyí tó le dúró bí ògiri gígùn tó na láti àríwá sí gúúsù. Ibi tí odò bá ti dé etí ògiri náà, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó já wálẹ̀ lọ. Ibi tí ògiri náà bá ti sán, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlẹ̀, á jìnnà débi tí ilẹ̀ ti ń gbóná, á sì tún padà jáde ní ẹsẹ̀ òkè.

Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún Ìyá Dáyọ̀ pé ọmọ ìyá ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkọ́gòsì, omi Arinta tó ń já ní Ìpólé-Ìlorò, àti Olúmirin tó ń já ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Àwọn èèyàn wa á lọ sí ọ̀kan lọ́dún yìí, wọ́n á fi ìkejì dọdún mẹ́ta òní, bí ẹni pé ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Lóòótọ́, Ọ̀ṣun ló ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lórí ìwé, àmọ́ òkúta kò mọ ààlà gómìnà. Ọjọ́ méjì tó láti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti Ìlógbò, ẹ ó gba Ìdó, ẹ ó já sí Ìjerò, ẹ ó bọ́ sí Aramọkọ, kẹ́ ẹ tó yà gba Erìjìyàn wọ Ìkọ́gòsì. Kò tó 100 kìlómítà rárá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ nílùú òyìnbó á gbọ́ ìyẹn, á ní wákàtí kan ti pọ̀jù. Ẹ bá mi sọ fún un pé wákàtí là ń fi wọn ọ̀nà òkè, a kì í fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Kọ́nà wà, kòtò wà, ọkọ̀ agbégẹdú wà níwájú tí ẹ kò ní lè yà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó fi wákàtí mẹ́ta sí i, kó sì jẹ iyán ní Aramọkọ kí inú má bàa bí i.

Ìkọ́gòsì ni kí wọ́n sùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dé ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n á ní "ṣé èyí náà nìyí?", wọ́n á sì yára kúrò. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Nínú oòrùn ọ̀sán, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí omi inú páìpù. Ìdájí ọ̀yẹ́ ni kẹ́ ẹ débẹ̀, nígbà tí eyín ń gbá eyín. Ẹ ó rí ooru tó ń gòkè lójú omi náà bí èéfín ààrò láàárín àwọn igi ńláńlá. Ẹ ó tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí odò tútù ti bá a pàdé. Ẹ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, ẹ ti tòsì bọ ìkejì. Ọ̀kan á dà bí omi ìwẹ̀ ọmọ ìkókó, ìkejì á mú yín fò sókè. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, pé orogún ni wọ́n, ìwà oníkálukú ló sì bá a wọnú odò.

Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé omi náà gbóná dé 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má gbà á gbọ́ o. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́? Nǹkan bí 38 ni àwọn tó wọ̀n ọ́n ní orísun rẹ̀ bá, ó fi díẹ̀ gbóná ju ara èèyàn lọ. Nígbà tí Ìyá Dáyọ̀ gbọ́ èyí, wọ́n bi mí bóyá ó dára fún orúnkún. Mo ní èmi kì í ṣe dókítà. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ló sọ ibẹ̀ di ibi ìpàgọ́ ní àwọn ọdún 1950. Arinta kò jìnnà síbẹ̀, ẹ lè fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ wò ó. Kí n má parọ́, nínú oṣù Kejìlá omi tó ń já kì í pọ̀ bíi ti oṣù Kẹsàn-án. Àmọ́ àpáta á gbẹ, kò ní yọ̀ mọ́ ọmọdé lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Èfọ̀n. Ìlú yìí dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ: ilé lórí òkè, ilé nínú àfonífojì, ẹ ó máa wo òrùlé aládùúgbò bí ẹni ń wo ẹní. Ibẹ̀ ni Agbọnbíòfẹ́ gbé, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Aláayè. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, àwọn ọmọ ìjọ CAC sì ń ti ibi gbogbo wá gbàdúrà níbẹ̀. Ìyá Dáyọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n kọjá láìyà síbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n.

Láti Èfọ̀n sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Lọ́dún kan, mo tẹ búréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbóòórùn bí ẹni jó rọ́bà, nígbà tó yá, mo tẹ ẹ́, kò fẹ́ gbọ́. Ọlọ́run ló ní kí ọ̀nà tẹ́jú lẹ́yìn náà. Mẹkáníìkì tó wò ó fún mi ní àlàyé kan tí mi ò gbàgbé: búréèkì tó bá gbóná jù kì í mú. Jíà kékeré ni kí èèyàn fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ kàn máa kan búréèkì, kó máa kúrò. Bí omi rédíétọ̀ bá sì hó nígbà tẹ́ ẹ bá ń gùn ún padà, ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ o. Ẹ páàkì, ẹ jẹ guguru.

Ìpele méje ni Olúmirin ní. Kí àwọn ọmọ gun méjì, á ti rẹ bàbá wọn náà nígbà yẹn. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé, kẹ́ ẹ tó padà dé Aramọkọ, ọ̀nà kan yà lọ sí Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, ẹni tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí Èkìtìparapọ̀ fi gbára jọ. Ogun Kírìjì ni wọ́n bá Ìbàdàn jà, láti 1877 dé 1893. Ìró ìbọn ńlá ló sọ ogun náà lórúkọ, àwọn òkè yìí ló sì ń gba ìró náà lẹ́nu ara wọn. Bí ọmọ bá ti dúró níbẹ̀ tó pariwo "kí-rì-jì", kò tún nílò ìwé ìtàn.

Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́ta bá ti lù, kí wọ́n fi Òkèmẹ̀sí sílẹ̀ dìgbà mìíràn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní àríwá Èkìtì wa níbí. Ìhà Ìkọ̀lé nìyẹn, kì í ṣe ojú ọ̀nà tiwọn yìí, síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí aago mẹ́fà bá wọn níta. Kí wọ́n bi àwọn awakọ̀ ní páàkì Ìdó léèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí wọ́n tó gbéra. Kí owó wà lọ́wọ́, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì POS kì í gun òkè.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Ìyá Dáyọ̀ létí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n ka èèyàn tó ń lọ. Mo ní ọmọ wọn, ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta, márùn-ún péré, ọkọ̀ kékeré gbà wọ́n.

"Tún un kà," ni wọ́n wí, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún.