Lìmfómà ikùn
Lìmfómà ikùn jẹ́ irú jẹjẹrẹ kan tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun nínú ikùn, àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí. Ohun ìyanu ni èyí, nítorí pé ikùn tí kò ní àrùn kì í ní àkójọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Bakitéríà Helicobacter pylori, tí ó tún ń fa ọgbẹ́ inú, ni ó sábà máa ń fà wọ́n wá láti bá a jà. Bí ìjà náà bá pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀ nínú wọn lè yí padà, kí wọ́n sì máa pọ̀ sí i láìdáwọ́dúró.

Ní ọdún 1993, Andrew Wotherspoon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn aláìsàn 6 tí wọ́n ní ẹ̀yà tí kì í yára dàgbà, èyí tí à ń pè ní MALT. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi tọ́jú wọn. Lára àwọn 5, a kò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Òun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ títí di òní, bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Inú rírun rẹ̀ jọ ti ọgbẹ́ inú. Àyẹ̀wò ẹran ara tí a gé díẹ̀ láti inú ikùn ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn.