Ta ló ń mú ọjọ́ tí wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì bàálù?

Tí ẹ́ńjìnnì dánfó bá kú ní Bàrígà, awakọ̀ á páàkì, á pe mẹkáníìkì. Ojú ọ̀run ò ní ibi ìpáàkì o!

Torí ẹ̀, wọ́n ń ka iye ìgbà tí bàálù gbéra. Nínú ẹ́ńjìnnì CFM56-7B ti Boeing 737, àwọn irin kan tó ń yí ò gbọdọ̀ kọjá ìgbéra 20,000. Ìgbéra 6 lójúmọ́, bí ọdún 9 nìyẹn.

Ẹ tú u láìtó àkókò, owó ṣòfò. Tí gbogbo ẹ̀ bá pé ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Bàálù á dúró.

Ibẹ̀ ni ìṣirò optimization ti wọlé: kọ̀ǹpútà á wá ètò tí owó rẹ̀ kéré jù, tí kò sì rú òfin. Èkó sí Àbújá, bíi wákàtí kan. Sí Dakar, ó ju mẹ́ta lọ. Ìgbéra kan náà ni. Bàálù tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́, ẹ rán an lọ sí Dakar!